Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ní káńsù: bẹ́ẹ ṣe máa gbà á láì máa pààrà ọ́fíìsì

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ti kéde pé ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá ń gba èèyàn, tàbí táwọn ọmọ iléèwé bá ń lé owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀, ẹ lọ wo iwájú káńsù láàárọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ti kún ibẹ̀, fáìlì lábẹ́ abíyá, ọ̀la ni pọ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa tì, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń wá, èyí táwọn míì ń pè ní sẹ̀tífíkéètì ọ́rígíìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èmi náà ti padà rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo lọ kí n tó rí tèmi gbà nígbà tí mo wà ní yunifásítì, látìgbà yẹn mo ti tẹ̀lé àbúrò, ẹ̀gbọ́n àti ọmọ aládùúgbò lọ, ohun tí mo wá rí ni pé ilé ni iṣẹ́ yẹn pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá ti parí tilé, ti káńsù ò le rárá. Ẹni tó bá fi káńsù ṣáájú á rìn títí bàtà á fi jẹ.

Àwọn ìlú wa bí Òṣogbo, Iléṣà, Ẹdẹ, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú-Òde àti Oǹdó ni mo ní lọ́kàn. Iye owó àti orúkọ ọ́fíìsì lè yàtọ̀ láti káńsù sí káńsù, àmọ́ ọ̀nà tẹ́ẹ máa gbà ò yàtọ̀.

Ohun tẹ́ẹ máa kó jọ

- Fótò pásípọ́ọ̀tù 4. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn funfun ni wọ́n ń fẹ́ àbí pupa kẹ́ẹ tó lọ yà á.
- Ìwé ìbí. Ẹni tí ò ní, tó sì ti ju ọmọ 18 lọ, ọ̀dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye èèyàn, ni kó lọ gba ìwé tó dúró fún un. Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa o, NPC sábà máa ń ní ọ́fíìsì nínú ọgbà káńsù, àwọn èèyàn á wá rò pé káńsù ni, àmọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n, wọn ò lè bá yín ṣe ìwé ọmọ ìbílẹ̀, káńsù náà ò lè bá yín ṣe ìwé ìbí wọn.
- Ìwé NIN.
- Lẹ́tà láti ilé, tí mo máa ṣàlàyé tó bá yá.
- Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ bàbá yín, tàbí ti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá yín, tó bá wà. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti máa ń béèrè ẹ̀, àmọ́ tó bá wà lọ́wọ́ yín ìbéèrè á dínkù gan-an.
- Ìwé ẹ̀rí iléèwé kan, WAEC tàbí ti pámárì.
- Fotokọ́pì méjì méjì gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣe é kẹ́ẹ tó kúrò nílé, torí iná lè má sí níwájú káńsù.
- Bíírò tiyín.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ káńsù tó ni yín

Káńsù tẹ́ẹ ń gbé kọ́ là ń sọ, ibi tí wọ́n bí yín sí kọ́ náà, ibi tí agboolé yín wà ni. Wọ́n lè bí yín sí Mushin kẹ́ẹ dàgbà sí Kàdúná, tó bá jẹ́ Iléṣà ni bàbá yín ti wá, Iléṣà lẹ ti máa gbà á. Àwọn káńsù míì máa ń fún èèyàn ní ìwé pé ó ń gbé lọ́dọ̀ àwọn, ìwé ibùgbé nìyẹn, ó ní ibi tó ti wúlò, àmọ́ tẹ́ẹ bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní kẹ́ẹ mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá, wọ́n á dá a padà fún yín.

Ibi tó ti ń dàrú ni pé ọ̀pọ̀ ìlú wa ni wọ́n ti pín sí káńsù méjì mẹ́ta. Òṣogbo ní káńsù Òṣogbo tó wà l'Ókè-Baálẹ̀, ó tún ní Ọlọ́rundá tó wà n'Ígbónà, ọmọ Òṣogbo ló kún inú méjèèjì. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ti Àríwá ní Kínnírá àti ti Gúúsù ní Arówómọlé. Iléṣà ní East àti West, Ẹdẹ ní North àti South, Ọ̀yọ́ ní Àtìbà, East àti West. Tẹ́ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ẹ kàn ń sọ pé ọmọ Iléṣà ni yín, ìyẹn ò tíì tó, wọ́n á bi yín pé Iléṣà wo, àdúgbò wo.

Orúkọ káńsù tún máa ń jọra. Surulere wà l'Ékòó, ó tún wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìfẹ́lódùn wà l'Ọ́ṣun, níbi tí Ìkìrun wà, ó tún wà ní Kwara. Ìrẹ́pọ̀dùn náà wà l'Ọ́ṣun, ó wà ní Kwara, Èkìtì tiẹ̀ ní Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tẹ́ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpínlẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kẹ́ẹ tó tẹ orúkọ káńsù, torí ohun tẹ́ẹ bá yàn níbẹ̀ ni wọ́n máa fi wé ìwé ọwọ́ yín.

Èyí tó tún ń ṣe àwọn ará Èkó ni ti káńsù ìdàgbàsókè (LCDA). Káńsù 774 ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀, Èkó ní 20 nínú ẹ̀. Àwọn 37 tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ kún ti wọn ò sí nínú 774 yìí, ìdí nìyẹn tẹ́ẹ fi máa ń wá wọn tì lórí pọ́tà ìjọba àpapọ̀. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ ti gba ìwé, ẹ rí i pé orúkọ káńsù àgbà tí wọ́n yọ ọ́ lára ẹ̀ hàn lórí ìwé náà.

Ẹ yẹ ara yín wò: ṣé ẹ lè dárúkọ agboolé, àdúgbò, wọ́ọ̀dù àti káńsù yín láì wo fóònù? Tó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù nìkan ni ò yé yín, ẹ pe ẹnì kan tó máa ń dìbò nílé, á mọ̀ ọ́n.

2. Ilé ni kẹ́ẹ lọ, ẹ má tíì dé káńsù

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ẹ farabalẹ̀ sí jù lọ. Akọ̀wé tó jókòó sí káńsù ò mọ̀ yín rí, kò sì ní ohun kankan tó fi máa mọ̀ pé ọmọ ìlú ni yín, ẹni tó mọ̀ yín ni baálé agboolé, ibòmíràn á jẹ́ mọ́gàjí, ibòmíràn olórí ẹbí, tó bá jẹ́ abúlé baálẹ̀ ni, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ní Lọ́jà tiwọn. Lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ni káńsù ń gbára lé.

Ẹ má dá lọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ò gbé ìlú rí. Ẹ wá àgbà kan nínú ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá, àbúrò bàbá, ìyá àgbà tó ṣì ń lọ sípàdé ẹbí, kó mú yín lọ. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo náà, obì tàbí nǹkan mímu tó, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, bí ọmọ ṣe ń wọlé tọ àgbà nìyẹn. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n á bi yín pé ọmọ ta ni yín, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń dúró, torí orúkọ tó wà lórí ìwé bàbá wọn lè má jẹ́ orúkọ tí wọ́n mọ bàbá náà sí nílé. Ẹbí tó pọ̀ ti yọ Ògún tàbí Ifá kúrò nínú orúkọ wọn, wọ́n fi Olú sí i, àwọn míì sọ orúkọ bàbá àgbà di orúkọ ìdílé lọ́jọ́ tí wọ́n wọ iléèwé. Tẹ́ẹ bá dárúkọ ti ìwé nìkan, bàbá yẹn á ní òun ò mọ irú ẹ̀ nínú agboolé yìí, kò parọ́. Torí náà kẹ́ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ bàbá yín, tàbí ẹni tó dúró fún wọn, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè yín nílé nígbà tẹ́ẹ wà ní kékeré, kí ni wọ́n ń pe bàbá yín àgbà, ìyàwó ilé wo ni ìyá yín àgbà. Ẹni tó bá mọ oríkì ilé ẹ̀ á rí i pé inú baálé á dùn sí i lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́tà náà, ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, orúkọ yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí NIN, orúkọ bàbá yín (tó bá ní méjì kí méjèèjì wà níbẹ̀), orúkọ agboolé, àdúgbò, wọ́ọ̀dù, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ipò ẹ̀ nínú ẹbí, àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Tí bàbá náà ò bá lè kọ̀wé, ẹ̀yin tàbí ẹlòmíì lè bá wọn kọ ọ́, àmọ́ ẹ kà á sí wọn létí ní Yorùbá kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i. Ẹ má fún àgbà ní ìwé tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kò dáa, ó sì lè kó bá yín, torí káńsù máa ń pe nọ́ńbà yẹn láti bi wọ́n léèrè. Ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ẹ máa lọ fún wọn kí wọ́n lè fi fóònù sítòsí. Mo ti rí ọmọ kan tí iṣẹ́ ẹ̀ dúró ọ̀sẹ̀ kan gbáko torí fóònù baálé ò ní ṣájì.

Àwọn kan máa ń ta irú lẹ́tà yìí lẹ́bàá géètì. Ẹ má rà á. Orúkọ ẹni tí ò mọ̀ yín ló wà lórí ẹ̀, tí wọ́n bá tọpa ẹ̀ lọ́la tẹ́ẹ ti wọ iṣẹ́, ẹ̀yin ni ẹjọ́ máa wá bá.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ẹ ti lọ́kọ, tó bá jẹ́ torí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ bàbá yín lẹ ṣì jẹ́ lójú àjọ tó ń rí sí pínpín iṣẹ́ náà láàárín ìpínlẹ̀, ti ọkọ kọ́. Agboolé bàbá yín ni kẹ́ẹ lọ.

Ó ti parí tẹ́ẹ bá di lẹ́tà mú, tẹ́ẹ sì ti pe nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ tí ẹni tó yẹ gbé e.

3. Orúkọ yín lórí gbogbo ìwé

Yorùbá tá à ń kọ láìsí àmì ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo, Ṣọlá ni, WAEC kọ Sola, ìwé ìbí kọ Shola, NIN kọ Olusola. Ìṣọ̀lá di Isola níbìkan, Ishola níbòmíràn. Ẹnì kan á ní Adéwálé ní orúkọ àárín lórí ìwé kan, kò ní í sí rárá lórí èkejì. Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, kọ̀ǹpútà ò mọ̀, akọ̀wé tó sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi ìwé mú òun ò ní fẹ́ mọ̀.

Lẹ́tà h kan péré ló mú mi lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó wà lórí ìwé ìbí mi, kò sí lórí ti iléèwé, akọ̀wé náà sì wo ojú mi pé èwo ni ká kọ báyìí.

NIN ni kẹ́ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, torí òun ni gbogbo ọ́fíìsì fi ń yẹ èèyàn wò nísinsìnyí. Tó bá jẹ́ NIN gan-an ni ò tọ̀nà, ẹ lọ tún un ṣe kẹ́ẹ tó gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀, ẹ má ṣe é ní ìdàkejì. Tó bá jẹ́ ìwé míì ni ò bára mu, ẹ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù pé ẹni kan náà ló ni orúkọ méjèèjì, kẹ́ẹ fi kún fáìlì.

Láti mọ̀ pé ó ti dáa, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì, kí ẹlòmíì máa pè é jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀yin máa fi ìka tẹ̀lé e lórí ìwé tó kù. Ẹ má dá kà á o, ojú máa ń fo orúkọ ara ẹni.

4. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá lọ sí káńsù

Túsìdeè sí Tọ́sìdeè ló dáa, láàárọ̀. Mọ́ńdè ìpàdé máa ń pọ̀, Fúráìdè ọ̀pọ̀ ti ń múra àtilọ sílé. Tẹ́ẹ bá ti wọlé, ẹ béèrè ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọmọ ìbílẹ̀, lọ́pọ̀ ibi ẹ̀ka ádímìn ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì, ẹ má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá yín ní géètì. Ẹni tó bá sáré pàdé yín tó ní "mo lè bá ẹ ṣe é kíákíá", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ẹ kọjá. Irú ẹ̀ lówó mi bá lọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ, ìwé tó gbé wá fún mi ò ní nọ́ńbà kankan nínú rẹ́jísítà wọn, ayédèrú ni, mo dúpẹ́ pé mo mọ̀ kí n tó fi í sílẹ̀ níbi iṣẹ́.

Ní ti owó: ẹ béèrè iye tó jẹ́ gan-an, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń san án, bóyá báǹkì ni, bóyá ọ́fíìsì owó inú káńsù, bóyá POS wọn. Àkáǹtì tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ má sanwó sí i. Tí wọ́n bá ní kẹ́ẹ fún àwọn lówó lọ́wọ́, ẹ rọra sọ pé ẹ fẹ́ risíìtì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ẹ jọ̀ọ́ mà, risíìtì ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi nílé". Ẹ ò nílò láti bá ẹnikẹ́ni jà. Òṣìṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ wọn dáadáa, tẹ́ẹ bá kí wọn bí ọmọ, wọ́n á tọ́ yín sọ́nà bí òbí.

Risíìtì tó dáa ní orúkọ káńsù, nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ yín, iye owó, àti ohun tẹ́ẹ sanwó fún. Ẹ ya fótò ẹ̀ kẹ́ẹ tó fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

5. Fọ́ọ̀mù àti ìbéèrè

Lẹ́tà ńlá ni kẹ́ẹ fi kọ fọ́ọ̀mù, ẹ má kánjú. Ibi tí wọ́n bá ti béèrè àdírẹ́sì ilé, agboolé yín ní ìlú ni wọ́n ń béèrè, ọ̀pọ̀ ń kọ ilé tí wọ́n háyà ní Ìbàdàn síbẹ̀. Wọ́n lè pè yín jókòó bi yín pé ta ni baálé yín, ta ló ti jẹ baálé kí èyí tó wà níbẹ̀ tó jẹ, agboolé wo lẹ jọ múlé gbè, kí ni oríkì ilé yín. Tẹ́ẹ bá ti ṣe ìpele kejì dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo ẹ̀. Ohun tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀, kẹ́ẹ ní kí wọ́n pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà. Ẹ má dá ìtàn sílẹ̀.

Kẹ́ẹ tó kúrò níbẹ̀ ẹ gba orúkọ òṣìṣẹ́ tó gba fáìlì yín àti ọjọ́ tí ìwé máa jáde. Ibi tó ti máa ń pẹ́ ni ìfọwọ́sí, torí alága tàbí olórí àmójútó, ìyẹn ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, lè má sí nílé. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa dé, kẹ́ẹ padà wá lọ́jọ́ yẹn dípò kẹ́ẹ máa wá lójoojúmọ́.

6. Ẹ kà á kẹ́ẹ tó jáde

Ayọ̀ ló máa ń jẹ́ káwọn èèyàn ká a sínú báàgì kí wọ́n máa lọ. Ẹ dúró síwájú tábìlì yẹn, kẹ́ẹ wò ó bóyá orúkọ yín pé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́ọ̀dù àti ìlú tọ̀nà, bóyá ọjọ́ wà níbẹ̀, bóyá wọ́n lẹ fótò tí òǹtẹ̀ sì gorí ẹ̀ bọ́ sára ìwé, bóyá ẹni tó yẹ fọwọ́ sí i, bóyá nọ́ńbà wà, bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sínú rẹ́jísítà wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé rẹ́jísítà yẹn hàn yín, ẹ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lẹ́, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọjọ́ tí ibi iṣẹ́ bá kọ̀wé sí káńsù láti béèrè bóyá ìwé yín jẹ́ òótọ́, inú rẹ́jísítà yẹn ni wọ́n máa wò. Àṣìṣe tẹ́ẹ bá rí níwájú tábìlì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa fi tún un ṣe, èyí tẹ́ẹ bá rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun ni.

Ẹ má tíì lọ fi ọ̀rá gbígbóná dì í o. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò máa ń fẹ́ fọwọ́ kan òǹtẹ̀ náà, fáìlì oní-náílọ́ọ̀nù ti tó láti tọ́jú ẹ̀.

Tí wọ́n bá ní ẹ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀

Ẹ bi wọ́n ní ìdí, kẹ́ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwé ò pé, ẹ lọ mú un wá. Tó bá jẹ́ torí ìyá yín nìkan ló jẹ́ ọmọ ibẹ̀, abala 318 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí ọ̀kan nínú òbí ẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí tó bí òbí ẹ̀, jẹ́ ara àwọn tó ni ilẹ̀ náà. Kò sọ bàbá nìkan. Ẹ mú àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá yín dání, kí lẹ́tà wá láti agboolé ìyá, kẹ́ẹ lọ bá olórí àmójútó káńsù fúnra ẹ̀, tàbí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yẹn, ìdí tí wọ́n fi dìbò fún un nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, àwọn káńsù míì á ní àfi kẹ́ẹ yọjú, àwọn míì á gbà kí ẹbí bá yín ṣe é pẹ̀lú lẹ́tà tẹ́ẹ fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni yẹn lọ béèrè kẹ́ẹ tó fi owó ránṣẹ́, lẹ́tà agboolé náà sì ni wọ́n ṣì máa kọ́kọ́ béèrè.

Tí ìwé bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ ya fótò iwájú àti ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, kẹ́ẹ sì kọ nọ́ńbà ìwé àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i síbi tí ò ní sọnù. Tí ojúlówó bá sọnù, wọ́n á ní kẹ́ẹ mú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù wá, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì máa fi wá orúkọ yín nínú rẹ́jísítà.